Ẹ̀fọ́ Ẹ̀yìnkùlé Kì í Ṣe Oúnjẹ Òtòṣì

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Bí àwọn àgbà náà bá yọjú wo inú ìkòkò ọbẹ̀ wa lónìí, ẹnu yóò yà wọ́n. Nítorí kì í ṣe tẹ̀tẹ̀ nìkan ni ó ti tẹ́, gbogbo àwùjọ ẹ̀fọ́ ni ó tẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn nígbà tí a ń jẹ gbúre, ojú a máa tì wá. Bí a bá sì se ẹ̀fọ́ níbi ìnáwó, ẹran àti pọ̀nmọ́ a bò ó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń wá ewé inú rẹ̀ bí ẹni ń wá owó tí ó sọnù. A ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń wí pé oúnjẹ òtòṣì ni ẹ̀fọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni a dìde láti takò. Ohun tí a ń wí ni pé ẹ̀fọ́ tí ó hù ní àsìkò rẹ̀, tí a kò fín oògùn sí, tí a já ní ẹ̀yìnkùlé tí a sì sè ní ọjọ́ náà gan-an, ni ó yẹ kí ó jẹ́ olórí nínú ìkòkò wa.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ilẹ̀ wa ti ń ṣe ìtọ́jú wa. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, a fún tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ. Kò tó oṣù kan tí tẹ̀tẹ̀ fi tó fà. Ewédú tẹ̀lé e. Gbúre kò dúró de ìpè, fúnra rẹ̀ ni í hù. Ebòlò a yọ lórí oko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sun, worowo a sì máa tàn kálẹ̀ lábẹ́ ìbòòji kòkó. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àwọn tí ó ní àkùrọ̀ a gbin tiwọn sí ibẹ̀. Ewúro tí ó wà létí ọgbà kò kú. Orúnlá tí a ti sá gbẹ sì wà nínú ìkòkò. Kò sí oṣù kan nínú ọdún tí ilẹ̀ fi wá sílẹ̀ lófo. Àwa ni a fi ilẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ó ti ìdí èyí jáde. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ní ìlú ńlá lè ka orúkọ bisikíìtì mẹ́wàá láìdúró mí. Ṣùgbọ́n ẹ fi ebòlò àti yánrin hàn án, koríko ni yóò pè wọ́n. Ohun tí ènìyàn kò bá mọ orúkọ rẹ̀, kò lè béèrè rẹ̀ lọ́jà. Ohun tí ẹnì kan kò béèrè, àgbẹ̀ kò ní gbìn ín. Ohun tí àgbẹ̀ kò gbìn, irúgbìn rẹ̀ yóò run, ọgbọ́n àti sè é yóò sì bá àwọn ìyá wa àgbà wọ ilẹ̀ lọ. Àdánù yìí kò kéré.

Àwọn kan yóò wí pé, ẹ̀fọ́ kò ha wà lọ́jà bí? Ó wà, a kò sì bá ẹlẹ́fọ̀ọ́ olóòótọ́ jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń rajà kò mọ ọjọ́ tí a fín oògùn apakòkòrò sí ewé náà. A mọ bí àwọn kan ti ń fi dichlorvos pa kòkòrò ara ẹ̀wà tí ènìyàn yóò jẹ. Ní ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC ka títà ìgò kéékèèké oògùn náà léèwọ̀. Nínú ọgbà ara wa, ọwọ́ ni a fi ń ṣa kòkòrò ní òwúrọ̀, eérú ni a ń wọ́n sí i, ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jẹrà dáradára ni a sì fi ń bọ́ ilẹ̀.

Ẹ̀bi kan sì wà tí kì í ṣe ti ọjà, ti ìdí ààrò wa ni. A ó gé ẹ̀fọ́ tútù kí a tó fọ̀ ọ́, a ó bọ̀ ọ́ pẹ̀lú kán-ún, a ó fún un títí yóò fi gbẹ bí èérún, a ó sì da omi rẹ̀ nù. Fítámì C a máa yọ́ sínú omi, iná a sì máa bà á jẹ́. Kán-ún tún dá kún un. Odindi ewé ni kí a fọ̀. Kí ata, epo àti irú jinná ná. Kí ẹ̀fọ́ wọlé kẹ́yìn, kí ó má sì pẹ́ lórí iná. Ewúro ni a gbọdọ̀ fọ̀ kí ìkorò rẹ̀ dínkù, a gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó korò díẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa jẹ èso àti ẹ̀fọ́ tí kò dín ní gíráàmù 400 lóòjọ́, kí iyọ̀ rẹ̀ má sì tó gíráàmù 5. Báwo ni a ó ti pa èyí mọ́, nígbà tí a ti fi horo amọ́bẹ̀dùn, tí iyọ̀ pọ̀ jù nínú rẹ̀, rọ́pò irú?

Ẹlòmíràn yóò ní, ‘Ilẹ̀ dà ní Èkó?’ Abọ́ tí ó ti jò ń kọ́? Àpò ìrẹsì ń kọ́? Igi gbúre tí a ṣẹ́ tí a sì rì mọ́ ilẹ̀ tútù yóò ta gbòǹgbò. Kìkì pé kí a má gbìn ín sí etí gọ́tà. Bí ó bá sì jẹ́ àìráyè ni, a kò sọ pé obìnrin nìkan ni yóò ṣe é. Ọkùnrin tí ń bu ẹnu àtẹ́ lu ọbẹ̀ ilé rẹ̀, ṣé ó ti bomi rin tẹ̀tẹ̀ kan rí?

Àwa tí a ń kọ èyí kò mọ́ nínú ẹ̀bi. Àwa náà ti fi ọmọrí dé ìkòkò gbúre nígbà tí a gbúròó àlejò, a sì ti ran ọmọ lọ ra ẹran tí owó wa kò tó. Àlejò náà jẹ, ó sì lọ. Gbèsè ẹran dúró tì wá. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń ṣí ìkòkò.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí òjò àkọ́rọ̀ tí ń bọ̀ bá irúgbìn lọ́wọ́ yín. Bí àlejò bá sì kan ilẹ̀kùn, ẹ bu gbúre fún un.