Ìpè tó ń já: ẹ béèrè ìgbà tó ń já

Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fóònù orí íntánẹ́ẹ̀tì,

Ọ̀rọ̀ màmá kan ní Peckham, ní London, ló mú mi kọ̀wé sí yín, inú sì ń bí mi. Ìgbàkígbà tí màmá bá pe àbúrò wọn n'Íbàdàn, wọn ò tíì kí ara wọn tán tí ìpè fi máa já. "Ẹ kú ilé o. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́?" Ó parí! Màmá pe ilé-iṣẹ́ tó ta fóònù náà títí ó fi sú wọn. Èsì kan náà ni wọ́n ń gbọ́: ẹ pa ráútà, ẹ tún un tàn. Nígbà tó yá, òṣìṣẹ́ kan ní kí màmá lọ san owó íntánẹ́ẹ̀tì tó yára ju èyí tí wọ́n ní lọ. Màmá san án. Ìpè ṣì ń já.

Kò sẹ́ni tó bi màmá léèrè pé báwo ni ìpè ṣe ń pẹ́ tó kó tó já.

Èmi wo aago. Ìṣẹ́jú àáyá 32 gẹ́lẹ́. Mo tún pè, 32 náà ni. Ta ni nínú wa tí kò mọ ohun tí 32 ń wí? ACK ni kò dé ibi tó yẹ kó dé, tí sáfà fi dúró títí tó sì pa ìpè. SIP ALG inú ráútà ló ń da àdírẹ́sì rú. Mo pa á, màmá àti àbúrò wọn sì sọ̀rọ̀ tẹ́rùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìpè kan lórí G.711 kò gbà ju nǹkan bíi kílóbíìtì 90 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Fíìmù tí màmá ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kan náà ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, kì í sì í dúró. Kí wá ni a ń ta ìyára fún arúgbó fún? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, àkókò tí ìpè fi ń já ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Èyí tó bá ń já ní ìṣẹ́jú 15 tàbí 30, ẹ yẹ session timer wò: ìṣẹ́jú àáyá 1800 ni RFC 4028 ti dábàá láti ọdún 2005. Èyí tí kò ní àkókò kan pàtó, Wi-Fi tàbí wáyà ni.

Mo gbà pé ọ̀gá ń ka ìṣẹ́jú mọ́ àwọn tó ń gbé ìpè lọ́wọ́, ohun tí wọ́n kọ fún wọn náà ni wọ́n ń kà. Mo tún gbà, bí kò tilẹ̀ wù mí, pé pípa ráútà máa ń ran ìpè lọ́wọ́ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ìwé tí wọ́n ń kà yẹn mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun gan-an ni mo ń bá wí.

Ìparí oṣù kìíní ọdún 2027 ni wọ́n dá láti pa fóònù àtijọ́ tó ń gba orí wáyà bàbà ní Bìrìtìkó. Àwọn bíi màmá kò ní ibòmíràn tí wọ́n máa sá sí, orí íntánẹ́ẹ̀tì yìí náà ni wọ́n á ti máa pe 999. Ẹ fi ìbéèrè kan yẹn ṣáájú nínú ìwé yín, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó bá gbọ́ èsì rẹ̀ mọ ibi tó kàn.