Ijó Náà, Iṣẹ́ Ni
Ọ̀pọ̀ òbí ló máa ń fárígá bí ọmọ bá ní ijó lòun fẹ́ kọ́. Wọn á ní, "Ṣé ijó lo máa jẹ?" Ó dáa, ẹ gbọ́ ti Germaine Acogny.

Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n bí i sí ní 1944. Yorùbá ni ìyá rẹ̀ àgbà. Ní 1968 ó dá ilé ijó sílẹ̀ ní Dakar. Nígbà tó di 1998, òun àti ọkọ rẹ̀, ará Jámánì, dá École des Sables sílẹ̀ létí òkun ní Toubab Dialaw, ní Sẹ̀nẹ̀gà. Ilé-ẹ̀kọ́ oníyanrìn nìtumọ̀ rẹ̀: orí iyanrìn ni wọ́n ti ń jó nínú gbọ̀ngàn kan níbẹ̀.

Ijó ibẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan o. Ijó ìbílẹ̀ Áfíríkà wà, tìgbàlódé wà, ìlànà Acogny fúnra rẹ̀ náà wà, èyí tí ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́ òpómúléró rẹ̀. Bí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ṣe ń tú aṣọ tó sì ń tún un rán, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tún ẹsẹ̀ gbé títí ara á fi mọ̀ ọ́n.

Ní 2021, wọ́n fún ìyá náà ní àmì-ẹ̀yẹ Kìnnìún Wúrà ní Venice, ní Ítálì.

Ẹ̀yin òbí, ọmọ tó bá ní ẹ̀bùn ijó, ẹ wá ọ̀gá gidi fún un. Iṣẹ́ tí a kò kọ́ dójú ẹ̀ ló ń febi pani, kì í ṣe ijó.