Rédà Nìkan Kò Lè Gba Apẹja Là

Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí èbúté Lekki ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, tí omi rẹ̀ jìn tó mítà 16.5, àwọn ọkọ̀ òkun gìrìwò ti ń gba etíkun ẹkùn Ẹ̀pẹ́ kọjá. Etíkun yìí kan náà ni àwọn apẹja Ìbẹ̀jú ti ń na àwọ̀n.

Òfin SOLAS, tó wà fún ààbò ẹ̀mí lójú òkun, le mọ́ ọkọ̀ ńlá. Èyí tó bá ti tó 300 gross tonnage, ìyẹn ìwọ̀n bí ọkọ̀ ṣe tóbi tó, gbọ́dọ̀ ní rédà 9 GHz, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán ṣàwárí ohun tó wà lójú omi. Bó bá di 3,000, rédà gbọ́dọ̀ pé méjì, èkejì sì sábà máa ń jẹ́ 3 GHz, nítorí ìyẹn ló ń ríran nínú òjò líle. Láti 500 lọ sókè ni ẹ̀rọ ti gbọ́dọ̀ lè máa tọpa ọkọ̀ mìíràn fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n pákó, tí a fi kan ọkọ̀ apẹja, kì í dá ìtànṣán rédà padà bí irin. Ọkọ̀ apẹja kò sì ga lọ títí lójú omi. Bí ìgbì bá ru, ìgbì gan-an a fi àmì wẹẹrẹwẹẹrẹ kún ojú ẹ̀rọ. Atukọ̀ a yí bọ́tìnnì láti pa wọ́n rẹ́, àmì ọkọ̀ apẹja a sì bá wọn lọ. Tọ́ọ̀ṣì tí apẹja ń tàn dára lóòótọ́, àmọ́ nínú kùrukùru ọyẹ́, mélòó ni iná tọ́ọ̀ṣì?

Ohun tó lè ranni lọ́wọ́ kò ṣòro í ṣe: àwọn awo irin tí a fi dábùú ara wọn, tí a gbé kọ́ sórí òpó, tí igun wọn ń gbá ìtànṣán padà síbi tó ti wá. SOLAS mẹ́nu kàn án fún ọkọ̀ tí kò tó 150 gross tonnage, bó bá ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ apẹja sílẹ̀ fún ìjọba orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ NIMASA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ààbò ọkọ̀ ojú omi ní Nàìjíríà, wà. Kí wọ́n pàṣẹ awo náà fún gbogbo apẹja tó ń wọ òkun, kí ìjọba sì pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Bí àṣẹ bá dé láìsí awo, owó ni àwọn agbófinró yóò máa fi gbà lọ́wọ́ tálákà.

Kí LASWA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà omi ìpínlẹ̀ Èkó, ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀sà Ìkòròdú, níbi tí bájì akẹ́rù ti ń gúnlẹ̀ ní Ìpakòdò. Ṣùgbọ́n Lekki ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí òjò tó ń bọ̀ tó dé.