Òròmọdìẹ Bọ́ládé

À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kí òun lọ ààtàn lọ jẹ̀. Ta ni kò mọ ìtumọ̀ ìyẹn? Ẹ jẹ́ ká kọjá sí Bọ́ládé, l'Óṣòdì.

Nídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn níbẹ̀, bàbá kan tó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún ń ka àkọlé ìwé tí kò rà. Ó bú ààrẹ, ó bú gómìnà, ó bú ọlọ́pàá tó ń kọjá lọ. Ọlọ́pàá ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Bó ti bú wọn tán, ó ní ìgbà ṣọ́jà ló dáa jù, pé àwọn Bẹ́kò tó ń pariwo ìjọba tiwa-n-tiwa ló kó wa sí wàhálà. Àwọn ọ̀dọ́ tó yí i ká ń mi orí. Aláìmoore pátápátá!

Agege Motor Road tó dúró sí yẹn náà ló gba Ìdí-Òrò kọjá, níbi tí àwọn ṣọ́jà ti dáná sun ilé Fẹlá lọ́jọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977. Ilé ìwòsàn àbúrò rẹ̀, Dókítà Bẹ́kò Ransome-Kuti, bá a lọ. Wọ́n ju ìyá wọn, Fúnmiláyọ̀, láti ojú fèrèsé òkè. Ọdún kejì ni màmá kú. Ẹlòmíì ì bá ti panu mọ́. Bẹ́kò ò panu mọ́. Nígbà tí Babangida fagi lé ìbò June 12 ní 1993, ẹgbẹ́ Campaign for Democracy tó jẹ́ olórí rẹ̀ ló ké sí aráàlú pé kí wọ́n bọ́ síta. Wọ́n kó òun, Gani Fawehinmi àti Fẹ́mi Fálànà sẹ́wọ̀n Kuje. Ní 1995, ilé ẹjọ́ àwọn ṣọ́jà Abacha gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Kí ló ṣe? Ó fi àwíjàre ọ̀gágun kan tí wọ́n ní ó fẹ́ gbàjọba ránṣẹ́ sókè òkun. Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n dá fún Bẹ́kò, wọ́n dín in kù sí ọdún 15, wọ́n gbé e lọ sí Katsina. Ikú Abacha ní 1998 ló yọ ọ́.

Bàbá tún ní gààrí ò wọ́n nígbà náà. Lẹ́wọ̀n Katsina, ọ̀fẹ́ loúnjẹ.

Ṣùgbọ́n bí ọmọdé ò bá bá ìtàn, á bá àrọ́bá. Òwe yìí ló gba àwọn ọ̀dọ́ yẹn sílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yìn 1999 ni wọ́n bí ọ̀pọ̀ wọn. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ moore rẹ̀? Bàbá yìí kì í ṣe òròmọdìẹ. Ó rí àṣá lójú korokoro. Ó mọ Òfin Kejì ọdún 1984, tí ṣọ́jà fi ń ti èèyàn mọ́lé láìsí adájọ́ tó lè bi wọ́n. Láyé Abacha, ì bá wo ọ̀tún wo òsì kó tó dárúkọ ọkùnrin náà. Tó bá wù ú láti pìtàn fọ́mọ ọlọ́mọ, kó bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Keje ọdún 1993, nígbà tí ìbọn ń ró l'Ékòó, kó sì sọ ibi tí òun sá pamọ́ sí.