Wọn ò gbàṣẹ ni, àbí wọn ò fi tóni létí?

Tẹ́ ẹ bá ń ka ìròyìn ìwọ́de Jámánì lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ máa fura díẹ̀. Wọ́n lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwọ́de náà jẹ́ unauthorised, ìyẹn ni pé kò gbàṣẹ. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá wo ìwé ìròyìn àwọn ará Jámánì fúnra wọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nicht angemeldet lẹ máa bá níbẹ̀. Ohun tíyẹn ń sọ ni pé àwọn tó pe ìwọ́de náà kò fi tó ìjọba létí. Kò sọ pé wọ́n tọrọ àyè tí wọn ò rí i gbà.

Ẹ má pè é ní ọ̀rọ̀ kékeré o. Ẹni tó sọ fáwọn ará àdúgbò pé òun máa ṣe ìnáwó ní Sátidé, kí wọ́n má bínú sí ariwo, kò bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kóun ṣe é.

Abala kẹjọ nínú ìwé òfin Jámánì fún àwọn ọmọ ilẹ̀ náà lẹ́tọ̀ọ́ láti kóra jọ wọ́ọ́rọ́wọ́, láìgbé ohun ìjà dání, láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tó bá jẹ́ ìta gbangba ni, òfin lè fi gbèdéke sí i, ìdí nìyẹn tí òfin àpapọ̀ fi ní kí wọ́n fi tó aláṣẹ létí, ó kéré tán wákàtí 48 kí wọ́n tó kéde rẹ̀ fáráyé. Ká wá ní wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Lọ́dún 1985, nínú ẹjọ́ Brokdorf, níbi tí wọ́n ti fẹ́ wọ́de tako iléeṣẹ́ iná átọ́míìkì, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwé òfin sọ pé ìyẹn nìkan ò tó ìdí láti tú èèyàn ká. Ohun táwọn adájọ́ kọ̀ fún ọlọ́pàá rèé, ògbufọ̀ wá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún wọn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ti Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Jámánì: rowdy. Ní Gẹ̀ẹ́sì, tíṣà lè fi pe kíláàsì tó ń pariwo. Ìjọba Ìlà-Oòrùn Jámánì gbé e wọnú ìwé òfin ọ̀daràn, wọ́n pè é ní Rowdytum, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ọdún márùn-ún. Nígbà táwọn èèyàn Leipzig ń wọ́de nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé lọ́dún 1989, orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n nìyẹn, àwọn náà sì ń kígbe pé àwọn kì í ṣe Rowdys. Tẹ́ ẹ bá dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe rí, ẹni tó ń kà á ní London á rò pé wọ́n kàn ní wọn ò pariwo ni. Kò ní mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n làwọn èèyàn yẹn ń sá fún.

Àwa tá à ń kọ Yorùbá náà wà níbẹ̀, torí inú Gẹ̀ẹ́sì la ti ń bu ọ̀pọ̀ ìròyìn Jámánì. Èmi gan-an ti kọ "ìwọ́de tí kò bófin mu" rí, kò sì sẹ́ni tó bi mí pé òfin wo. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá ní "gbàṣẹ", ó sì ní "fi tó létí", kò sí èyí tó wọ́n wa nínú méjèèjì. Ní báyìí, tí unauthorised bá ti yọjú nínú ìròyìn Jámánì, mo máa ń kọ́kọ́ wá ohun táwọn ará ibẹ̀ kọ lédè tiwọn kí n tó tẹ nǹkan kan.