Ìwé Ìgbélùú: Ẹ Má Dúró De Ọjọ́ Tí Wọn Yóò Béèrè Rẹ̀

Ẹ̀yin òbí wa àti ẹ̀yin ọmọ wa, ó ṣọ̀wọ́n kí á rí agboolé kan ní Òkè-Ogbó níbí tí kò ní ọmọ tàbí àbúrò ní ìdálẹ̀. Bí a bá bi wọ́n bóyá wọ́n ti gba ìwé ìgbélùú, èsì ọ̀pọ̀ wọn ni pé, "Ẹ má ṣèyọnu, a kò ní pẹ́ padà wálé." Àwọn mìíràn ní owó rẹ̀ ti pọ̀ jù, tàbí pé bí àwọn bá yọjú sí ìjọba, ńṣe ni àwọn fi ara àwọn hàn. A mọ̀ pé ẹ̀rù náà kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rántí Ghana.

Kí Ghana tó gba òmìnira ní 1957, abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni àwa àti wọn wà. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà, Èjìgbò àti Ìlọrin ń ṣòwò ní Accra, ní Kumasi, títí dé Tamale. Wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ, àwọn ọmọ náà sì bímọ. Ta ni yóò ro ti ìwé? Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì, fún ẹni tí ó ti lo ọgbọ̀n ọdún! Wọ́n ta ọjà ní ọ̀pọ̀, ilé kò ṣeé dì mẹ́rù, gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n sì wọlẹ̀ síbẹ̀. (Kí á má pe ará Ghana ní ìkà: àwa náà lé wọn ní oṣù kìíní ọdún 1983, a sì fi orúkọ wọn pe àpò títí di òní.)

A kò ní purọ́ pé ìwé nìkan ni ìbá gba gbogbo wọn là. Òfin ọdún 1970 fi òwò kéékèèké sílẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀ nìkan, èyí sì kan ẹni tí ó ní ìwé pàápàá. Síbẹ̀, àṣẹ ọ̀sẹ̀ méjì yẹn kò kàn án. Ó ráyè gba gbèsè rẹ̀ kí ó tó gbéra.

Àwọn kan ń sọ pé ECOWAS ti yanjú gbogbo èyí. Rárá o. Àdéhùn ọdún 1979 jẹ́ kí á wọ ìlú ara wa láìgba físà, ṣùgbọ́n 90 ọjọ́ péré ni. Ẹni tí yóò bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ.

Ẹni tí físà rẹ̀ ti kọjá, kí ó kọ́kọ́ lọ bá agbẹjọ́rò tí òfin ibẹ̀ mọ̀, kí ó má lọ bá àwọn oníwèé ayédèrú. Àwa òbí ńkọ́? Bí ọmọ bá tẹ̀ wá láago, kí á tó béèrè owó símẹ́ǹtì, ẹ jẹ́ kí á bi í léèrè ọjọ́ tí ìwé rẹ̀ yóò parí. Bí owó ìwé náà bá sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí símẹ́ǹtì dúró ná.