Holy Johnson ní Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó



Bí ènìyàn bá bi akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àjàó Estate níbí pé ta ni James Johnson, bí ó bá mọ̀ ọ́n rárá, yóò ní àlùfáà ni, Holy Johnson ti ìjọ Breadfruit ní erékùṣù Èkó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n aṣòfin ni pẹ̀lú, lójú tèmi sì ni apá yẹn nínú ìtàn rẹ̀ wúlò fún wa jù.

Sàró ni wọ́n bí i sí, ọmọ Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀. Ó dé Èkó ní 1874. Nígbà tí wọ́n yọ Èkó kúrò lábẹ́ Gold Coast ní 1886, wọ́n fi í sí ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ará ìlú kọ́ ni ó dìbò fún un o; ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó yàn án. Ní Amẹ́ríkà, ní 1870, àlùfáà aláwọ̀ dúdú kan, Hiram Revels, ti wọ ilé aṣòfin àgbà, ṣùgbọ́n ìbò àwọn aṣòfin Mississippi ni ó gbé e débẹ̀. Johnson kò ní irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀ kò panu mọ́. Nígbà tí Gómìnà Carter fẹ́ gbé ogun ja Ìjẹ̀bú, ọ̀pọ̀ oníṣòwò Èkó fẹ́ kí ọ̀nà là. Johnson lòdì sí i. Wọ́n ja ogun náà ní 1892. Ní 1894, àga ìgbìmọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Òun yìí kan náà ni ó ń rọ àwọn òbí pé kí wọ́n máa sọ ọmọ wọn ní orúkọ Yorùbá nígbà ìrìbọmi. (Ó jẹ́ Johnson títí ó fi kú ní 1917. Ẹ má bi mí.)

Ní Oṣù Kejìlá 1999, ilé aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó tí àwa fúnra wa dìbò yàn kọ̀ láti fi Yorùbá jíròrò. Wọ́n ní onírúurú ẹ̀yà ni ó ń gbé Èkó. Àjàó Estate náà kún fún onírúurú ẹ̀yà, n kò sì fẹ́ kí a lé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n abala 97 ìwé òfin 1999 kò ní kí a pa Gẹ̀ẹ́sì tì. Ó ní ilé aṣòfin lè fi èdè ìpínlẹ̀ rẹ̀ kún un. Òfin 2018 tí ó sọ ẹ̀kọ́ Yorùbá di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́ Èkó tu ìtìjú yẹn lára díẹ̀.

Nígbà ìbò, bí olùdíje bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ bi í ní Yorùbá pé kí ni èrò rẹ̀ nípa abala 97.